Orí Tírélà Tí Wọ́n Ta Òróró Sí

Nínú bọ́ọ̀sì Nyanya ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá kan tó jẹ́ awakọ̀ àti ọkùnrin tó ta ilẹ̀ rẹ̀ kó lè ra orí tírélà tòkunbọ̀ láti Jámánì.

“Bàbá, ọ̀la ni mo máa sanwó. Pásítọ̀ ti ta òróró sí i.”

“Ọkọ̀ tó wà ní Jámánì?”

“Fọ́tò ẹ̀ ni, lórí fóònù mi.”

“O ti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì ẹ̀?”

“Rárá, sà. Ìgbàgbọ́ ni.”

“Tọ́másì ní àfi kí òun fọwọ́ kan àpá ìṣó, Jésù ò lé e. Ní kí wọ́n sitáàtì ẹ̀ kí o gbọ́.”

“Tó bá ń wúkọ́ ńkọ́?”

“A jẹ́ pé fọ́tò nìkan ni Ọlọ́run yà sí mímọ́.”

Ọkùnrin náà fa fóònù yọ, ó ń wá nọ́ńbà ẹni tó ń tà á. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Láti ọjọ́ náà, n kò bá Tọ́másì wí mọ́ ní kíláàsì Bíbélì tí mo ń kọ́.