Wọ́n Ní Ká Rọra Sunkún

Rárá, Alága, n kò ní jókòó. Ìjókòó kọ́ ló gbé mi wá sí ọ́fíìsì rẹ. Jẹ́ kí n wà lóròó bẹ́ẹ̀ kí n sọ ọ́ tán, torí ọ̀rọ̀ náà ti kún mi dé ọ̀nà ọ̀fun, bí n kò bá sọ ọ́, yóò pa mí.

Ṣé ẹkún ni òfin rẹ wá dé bá? Ẹkún òkú, Alága! Òkú ìyá wa, tó gbé ọ pọ̀n nígbà tí àìsàn dá ìyá tìrẹ dùbúlẹ̀!

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ. O fẹ́ sọ pé èmi náà pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ ṣòfin ọ̀hún. Mo pàtẹ́wọ́ lóòótọ́. Ta ni kò pàtẹ́wọ́? Àwọn ọmọ àlejò tó ń wá ṣe fàájì létí òkun wa á mutí yó, wọ́n á fọ́ ìgò sínú yanrìn, wọ́n á tọ̀ sára ògiri ilé àlejò mi, èmi á wá fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ láàárọ̀. Ìyá wa fúnra rẹ̀ gẹsẹ̀ lé àfọ́kù ìgò létí òkun, ó ń tiro títí ó fi kú. Nígbà tí o ní kò gbọdọ̀ sí ọtí níbẹ̀ mọ́, kò gbọdọ̀ sí orin, kò gbọdọ̀ sí igbe níbikíbi nílùú, ọkàn wa balẹ̀. Àwọn ọmọ náà gba ibòmíràn lọ.

Ìlú rọlẹ̀. Àṣé àwọn kan ti ń ṣọ́ ìrọ̀lẹ̀ náà. Àwọn olówó tó ti fẹ̀yìn tì dé, wọ́n ra ilé oníbúrẹ́dì, wọ́n ra ilé tíṣà, wọ́n tì í pa, ìgbà ooru nìkan ni wọ́n ń wá. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, fèrèsé tó ń tanná ní òpópónà wa kò tó nǹkan mọ́. Àwọn yàrá ilé àlejò mi ṣófo. Mo mú un mọ́ra. Mo ní ẹni tó bẹ̀bẹ̀ kí òjò dá kì í bá oòrùn jà.

Àmọ́ Ọjọ́rú tó kọjá, lọ́sàn-án gangan, ìyá wa mí kanlẹ̀, kò sì mí mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ẹ̀gbọ́n mi figbe ta. Kí ni kó ṣe, kó súfèé ni? Èmi náà figbe ta, àwọn ọmọ wa gbà á. A kò tíì faṣọ bo ojú òkú tí ọlọ́pàá méjì fi kanlẹ̀kùn. Ọkùnrin tó ra ilé tó kángun sí tèmi, tí a ń pè ní Bàbá Jẹ́jẹ́, òun ló pè wọ́n. Wọ́n wọlé, wọ́n rí òkú lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀kan ṣí fìlà, ó dorí kodò. Èkejì ní, "Ẹ má bínú, màmá, òfin ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sunkún."

Báwo ni wọ́n ṣe ń rọra sunkún ìyá, Alága? Ẹ̀gbọ́n mi tú ìborí rẹ̀, ó ki aṣọ náà bọ ẹnu, obìnrin tó ti lọ́mọ-ọmọ, ó ń gbọ̀n lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tí òtútù mú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe sìnkú. Láti ọjọ́ náà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń wẹ̀, ó ń jẹun, bí a bá bi í ní nǹkan, orí ló ń mì.

Má bẹ̀ mí. Má ní o máa pèpàdé. Wọ bàtà rẹ ká lọ. Wàá jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi nínú yàrá yẹn, a ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, wàá sì fi gbogbo ohùn rẹ sunkún, kó lè mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò ní mú òun bí òun náà bá ké. Bí ọlọ́pàá bá dé, ìwọ tó ṣòfin ni wọn yóò bá.

Dìde. Mo ń dúró dè ọ́.