Díìsì Démi àti Àmín Tí Mo Ṣe

Ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́, orúnkún mi ò gba ìdúró mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí máa jáde kí a tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ lónìí, nítorí mi ò lè dá orin fún yín mọ́ bó ṣe wà níkùn mi yìí. Èmi Àpèkẹ́, tí ẹ ń pè ní Ìyá Olórin, èmi ni mo jí díìsì Démi.

Démi ọmọ ọmọ mi, tí a jọ ń gbé ní Canarsie nílùú òyìnbó níbí, ẹ mọ̀ pé orin mẹ́tàlì ló fẹ́ràn, àwọn onírun gígùn tó ń fi gìtá pariwo. Ó ra díìsì fídíò ibi tí wọ́n ti kọrin ní gbọ̀ngàn ńlá kan. Mo ní ẹ̀mí burúkú ti wọlé. Mo mú un, mo fẹ́ ta òróró àdúrà sí i. Ṣùgbọ́n mo ní kí n kọ́kọ́ rí ojú ẹ̀mí náà, kí n lè mọ ohun tí mo máa bá wí. Démi wà níbi iṣẹ́ ní Fordham. Mo ki díìsì bọ ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí nǹkan. Onílù wọn ń lù bí ẹni tó ní apá mẹ́rin. Akọrin ké bíi màlúù tó ń rọbí. Kí n tó mí, ohùn náà ti rọ̀, ó dà bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Mo ní kí n pàtẹ́wọ́ sí i, àtẹ́wọ́ mi bọ́ síbi tí kò yẹ. Èmi tí mo ti ń dá orin láti ìgbà tí mi ò tíì yọmú. Bí mo bá ní mo ti bá a, ó ti yí padà. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn dákẹ́, wọ́n gbé iná fóònù sókè, bàbá arúgbó kan láàárín wọn ń sunkún. Èmi náà ń sunkún. Òróró wà lọ́wọ́ mi, mi ò rántí ta á.

Ó yẹ kí n dá a padà. Ọ̀kánjúwà ò jẹ́. Mo fi í sáàárín àwọn gèlè mi. Bí Démi bá ti jáde, èmi àti àwọn onírun gígùn mi ti dé ìdí ẹ̀rọ.

Démi wá a títí. Tiffany ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí òun náà fẹ́ràn orin yẹn, nìkan ló wá kí wa lọ́sẹ̀ náà. Tiffany fi òyìnbó bi mí pé, “Grandma, ṣé ẹ ò rí i?” Mo fi òyìnbó díẹ̀ tí mo gbọ́ dá a lóhùn pé, “Kí ni arúgbó fẹ́ fi ariwo ṣe?” Ó rẹ́rìn-ín. Démi ò rẹ́rìn-ín. Ó fura sí Tiffany, ó ní kó má wá sílé wa mọ́.

Ibi tó burú jù ló kù. Nínú ìpàdé àdúrà wa yìí lọ́jọ́ kan, Démi ní kí ẹ bá òun bẹ Ọlọ́run, kí ẹni tó mú un má sinmi. Tiffany wà lórí àga ẹ̀yìn, ó wá bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èmi tí mo mọ ibi tí díìsì wà, èmi ni mo dá orin:

Ọwọ́ tó mú tiwa,
Baba, má jẹ́ ó sinmi,
Títí yóò fi gbé e wá.

Ẹ gbè é. Àmín tèmi ló ròkè jù. Tiffany ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rí i pé òun ni gbogbo ojú ń wò. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Ìyá Láyọ̀ ní, “Ẹ ò rí i, àdúrà ti bà á.” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.”

Èmi ló bà. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ya ẹnu láti kọrin, orin yẹn ló ń jáde.

Démi, díìsì rẹ rèé. Tiffany, èmi ni mo ní kí wọ́n pè ọ́ wá lónìí. Láyọ̀ ọmọ mi, túmọ̀ rẹ̀ fún un dáadáa, má bá mi yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Tiffany, dárí jì mí. Ẹ̀mí burúkú ò sí nínú orin mẹ́tàlì yẹn. Inú mi ló wà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ẹ bá ti bú tẹ́lẹ̀, tó wá dùn mọ́ yín, ẹ tètè jẹ́wọ́ pé ó dùn.

Tiffany, níbi tí onílù yẹn ti dá ọwọ́ dúró, tí gbogbo gbọ̀ngàn mí lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò tíì mọ ibi tí àtẹ́wọ́ ń bọ́ sí. Bí o bá lè dárí jì mí, wá jókòó ti Démi, kí ẹ jọ fi hàn mí.