Ọ̀jọ̀gbọ́n Tí A Tan Àbẹ́là Fún ní Sakété

Mo ti nu tábìlì iṣẹ́ mi, mo ti kó irinṣẹ́ kúrò lórí rẹ̀, mo jókòó láti kọ ohun tí mo fi pamọ́. Àwọn tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ti gbọ́. Ó ku ẹ̀yin ọ̀dọ́ Pobè àti Sakété tí ẹ ṣì ń fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Stavenhof ará Jámánì jiyàn nídìí tíì. Ọkùnrin náà kò kú, nítorí pé wọn kò bí i rí. Èmi Firmin, atún-ẹ̀rọ-ṣe, ni mo dá a.

Ọdún tí Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pa ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ẹsáǹsì, epo ọkọ̀ tó ń ti ọ̀hún wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa, wọ́n bí ojú, àwọn tó ń fún epo pupa pa ẹ̀rọ wọn tì, iṣẹ́ dá lọ́wọ́ mi. Mo bá ra àwọn ògbólógbòó ìwé kan ní Àjàṣẹ́, tó ń sọ bí ilẹ̀, òkun àti ẹnubodè ṣe ń darí agbára àwọn orílẹ̀-èdè. Jẹ́ópólítíìkì ni wọ́n ń pè é. Mo kà wọ́n bí mo ṣe ń tú ẹ̀rọ. Mo máa yọ apá kan, mo máa bi í pé, “Iṣẹ́ wo lò ń ṣe níbí?” Bí kò bá dáhùn, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn kan nínú ìwé ní ẹni tó bá di àárín gbùngbùn ilẹ̀ Éṣíà mú ló máa jọba lórí ayé. Àwọn mìíràn ní rárá, ẹni tó bá ni òkun ni. Nígbà tí mo tú méjèèjì tán, ohun kan ṣẹ́ kù nílẹ̀ tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí: aládùúgbò. Amẹ́ríkà ní aládùúgbò méjì péré tó bá a pààlà lórí ilẹ̀, òkun ló wà ní ìhà yòókù, ìdí nìyẹn tó fi lè rán ọkọ̀ ogun lọ jìnnà láìbojúwẹ̀yìn. Rọ́ṣíà ní mẹ́rìnlá, Ṣáínà náà ní mẹ́rìnlá. Bí wọ́n bá lu ọ̀kan kí àwọn tó kù lè bẹ̀rù, ńṣe ni wọ́n ń jí àwọn tó ń sùn. Mo sọ ọ́ báyìí: agbára orílẹ̀-èdè kò sí nínú bí apá rẹ̀ ti gùn tó, ó wà nínú iye aládùúgbò rẹ̀ tó ń sùn fọnfọn.

Mo gbé e lọ sí Sakété, níbi tí ẹgbẹ́ kan ti máa ń jíròrò ọ̀rọ̀ ayé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Bàbá Gédéon, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ni alága wọn. Ó ní, “Firmin, inú ìwé wo lo ti rí ìyẹn?” Mo ní, “Orí mi ni, Bàbá.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ẹnì kan ní, “Ẹ jẹ́ ká rán an lọ sí Moscow, ó jọ pé ẹ̀rọ ọkọ̀ ogun wọn ń rú èéfín.” Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tó yá, mò ń tún ògbólógbòó ẹ̀rọ kan ṣe ní Igana, mo rí orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀: STAVENHOF. Mo padà sí Sakété, mo ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n Stavenhof ará Jámánì sọ pé...” Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n yọ bírò. N kò gbìyànjú láti dá wọn dúró.

Rọ́ṣíà wọ Ukraine. Finland, aládùúgbò rẹ̀ tó ti ń ṣọ́ra fún ẹgbẹ́ ológun láti ọjọ́ pípẹ́, jí, ó wọ NATO. Ni òkìkí Stavenhof bá kàn. Elvire, ọmọ Igana tó ń kàwé ní yunifásítì, fi ṣe orí ọ̀rọ̀ mémoire rẹ̀, ìwé àṣekágbá rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí níbo ni òun ti lè rí ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Mo sá tọ Aristide tó ń ta ọtí sódábì ní Pobè, òun nìkan ló mọ àṣírí mi. Ó ní, “Pa á. Òkú kì í fèsì lẹ́tà.” Mo pa á. Mo ní ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀, mo tún fi kún un pé iná jó ilé rẹ̀ àti ìwé rẹ̀. Ẹ wo bí irọ́ ṣe ń bímọ.

Mo rò pé wọ́n á kẹ́dùn díẹ̀, wọ́n á gbàgbé. Bàbá Gédéon pe ìsìn ìrántí. Ó wọ sùtánà funfun, kò wọ bàtà, bí wọ́n ti ń ṣe ní ìjọ rẹ̀. Ó tan àbẹ́là, ó ka Sáàmù, ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Òun ni òyìnbó àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ pé ó wo máàpù ayé tó rí i pé ẹni kékeré náà wà níbẹ̀.” Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n sọ̀rọ̀ ìdágbére. Mo dìde. Mo ṣàpèjúwe ohùn ọkùnrin náà fún wọn. Mo ní ó kí wọn kó tó kú. Mo tún sunkún.

Elvire dá mi dúró nígbà tí a jáde. Ó ní, “Tọ́ńtọ̀n, olùkọ́ mi ní bí n kò bá fi ìwé náà hàn, òun kò ní jẹ́ kí n lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ mémoire wò. Gbogbo ohun tí mo ti kà máa bàjẹ́.” Mo wo ojú rẹ̀, n kò rí irọ́ mìíràn pa. Mo jẹ́wọ́. Ó ní, “Ẹ̀rọ?” “Ẹ̀rọ ni.” “Mo sunkún fún ẹ̀rọ.” Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ tèmi. Mo ní tèmi ni. Ó ní, “Ẹ padà wọlé, kí ẹ sọ ọ́ fún Bàbá. Èmi kò ní gbé irọ́ wọ yunifásítì.”

Mo dọ̀bálẹ̀ síwájú àbẹ́là tí wọn kò tíì pa. Bàbá Gédéon gbọ́ tán, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. “Firmin, o mú mi kúnlẹ̀ fún irin.” Kò sọ pé kí n dìde, ẹnikẹ́ni kò sì bá mi bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó pẹ́, ó ní, “Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ń bẹ̀rù kí n má fi àìmọ̀kan mi han ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìwọ kò bà mí lẹ́rù. Jàpáánù ńkọ́? Òkun ló yí i ká, kò bá ẹnikẹ́ni pààlà lórí ilẹ̀. Kí ló dé tí kò fi ju Amẹ́ríkà lọ?” Ilé bá dà rú. Gbogbo wọn ló ní ìbéèrè, wọ́n ti ń gbé e mì láti ìgbà tí òyìnbó ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n tú ọ̀rọ̀ mi bí mo ṣe ń tú ẹ̀rọ, àṣé apá kan kò sí nínú rẹ̀ lóòótọ́. Bàbá Gédéon fúnra rẹ̀ ló rí i: oúnjẹ inú ilé. Jàpáánù kò ní epo, irin rẹ̀ kò tó; ó gbógun jáde lọ wá a nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì jí gbogbo aládùúgbò rẹ̀. Aládùúgbò tó ń sùn kò tó, àfi kí àká onílé náà kún. Mo ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀ nígbà tí mo pariwo pé, “Ó ti bọ́ sí i!”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí mo fi ṣẹ̀ yín nìyí. Mo fi orúkọ ńlá bo ọ̀rọ̀ mi, kò sì sí ẹni tó lè sún mọ́ ọn kó rí ibi tó ti jò. Ẹ dárí jì mí. Bí ẹ bá rò ó fúnra yín, ẹ sọ pé ẹ̀yin ni, kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Elvire tún ìwé náà kọ. Ó kọ orúkọ mi sí i, ó kọ ti Bàbá Gédéon síbi ọ̀rọ̀ Jàpáánù, ó sì gba máàkì tó ga jù lọ lọ́jọ́ tó lọ síwájú ìgbìmọ̀. Àwa ará Sakété kún ìjókòó ẹ̀yìn. Olórí ìgbìmọ̀ béèrè ẹni tó ń jẹ́ Firmin, mo dìde. Ó wò mí, ó ṣí ìwé náà, ó fi ìka lé ojú ewé kan, ó ní, “Ọ̀gá, èmi kò gbà pẹ̀lú yín nípa Íńdíà rárá.” Mo fa àga mi sún mọ́ ọn.