Ọbẹ̀ Olú Tí Mo Sè fún Ìyá Ọkọ Mi Lọ́jọ́ Iléyá

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó kékeré ní Okokomáíkò… rárá, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ bó ṣe yẹ. Àmínà ló fà á. Ó ti ìlú òyìnbó dé, ó ní òun ò jẹran mọ́, òun ò jẹ ẹja, Iléyá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kí ni a máa sè fún òun. Gbogbo ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi yòókù wá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé ẹ rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín? Ẹ jókòó, kí n sọ ìdí ẹ̀ fún yín.

Ẹ gbọ́. Ìgbà owó epo rọ̀bì ni. Títì ńlá tó lọ sí Àgbádárìgì yìí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe é ni, eruku ẹ̀ ló máa ń bo aṣọ tí a bá sá. Ìbà tí ẹ ń wò tó kún fún ilé yìí, igbó ni, oko ẹ̀gẹ́ ni. Ológun ni bàbá àgbà yín, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà fún wọn ní Ọ̀jọ́ níbí. Yàrá kan la gbà, àwa àti Ìyá Sẹ́nàmi, obìnrin Ẹ̀gùn kan, la kọjú síra. Bàbá rẹ, Àmínà, ẹ̀yìn mi ló wà, kò tíì rìn.

Owó wà nígbà náà o. Ẹran wà, ẹja yìnyín dé, ẹja inú agolo dé. Bí obìnrin bá se ọbẹ̀ tí ò lẹ́ran, ohun tí wọ́n á sọ ni pé ọkọ ẹ̀ ti ń gbówó lọ síbòmíràn. Lónìí ńkọ́? Lónìí, ẹ ń gé ẹran bí ẹni gé èékánná, ẹ sì ń pè é ní ọbẹ̀ ẹlẹ́ran. Ìgbà yẹn ni ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ láti Ìsẹ́yìn pé òun ń bọ̀ wá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ wa. Àyà mi já.

Kì í ṣe pé ó burú. Ìyá ò jẹran ni. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé, tí wọ́n kó ọkọ mi lọ sójú ogun, Ìyá jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí ọmọ òun bá padà láàyè, ohunkóhun tó bá ti ní ẹ̀mí rí ò ní wọ ẹnu òun mọ́ títí òun á fi kú. Ó padà. Àwọn tí wọ́n jọ lọ láti agboolé wọn ò padà. Àfáà àdúgbò bá Ìyá sọ̀rọ̀ títí, pé Ọlọ́run ò bèèrè ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní, "Àfáà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ bí i." Ohun tó dá Ìyá lójú ni pé ọjọ́ tí òun bá fẹnu kan nǹkan bẹ́ẹ̀, ikú tó yẹ ọmọ òun lójú ogun á wá a wá sílé. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí wọ́n gbé mi délé ọkọ.

Ọkọ mi a máa fi rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì Iléyá yẹn gan-an ló máa wa ọkọ̀ lọ sí Kàdúná, ọkọ̀ sì ń dànù lójú ọ̀nà bí ẹni da yangan. Mo wá ń rò ó pé inú ìkòkò mi lẹ̀mí ọkọ mi wà báyìí. Bí mo bá ṣe é tì ńkọ́? Oorun ò kùn mí mọ́.

Kí ni mo fẹ́ sè? Ẹ ò lè gbé ẹ̀kọ síwájú ìyá ọkọ lọ́jọ́ Iléyá. Iyán, ìyẹn dájú. Ọbẹ̀ wo wá ni? Mo ro mọ́ínmọ́ín, tí mo máa fi ẹyin sí… ṣé ẹyin kọ́ ló ń di adìyẹ ni? Mo ro wàrà, nítorí wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ara màlúù ló ti jáde, ṣé ó wà nínú ẹ̀jẹ́ ni àbí kò sí? Ta ni kí n bi? Mi ò lè bi Ìyá, kó má baà rò pé mi ò ka ọ̀rọ̀ òun sí. Mo bi ọkọ mi, ó ní kí n se èyí tó bá wù mí. Ọkùnrin sá ni.

Ni mo bá rántí olú. Bí ìyá mi ò bá rí ẹran rà ní Ìlaròó, olú ló máa ń fi se ẹ̀gúsí, ẹ ó sì máa jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ ẹran. Òjò ò tíì dá lọ́dún náà, obìnrin kan ṣì ń kó o wá láti oko Ìbà. Ṣùgbọ́n olú ní ẹ̀rù tiẹ̀. Èyí tí ò dáa ń pààyàn. Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, mo rà á, mo se díẹ̀ nínú ẹ̀ láàárọ̀, mo jẹ ẹ́. Mo gbé ọmọ fún ọkọ mi, mo jókòó, mo ń retí inú rírun. Inú ò run mí. Mo dúpẹ́.

Ọjọ́ ọdún pé. Àwọn ọkùnrin ti yídì dé, wọ́n pa àgbò. Ìyá wà nínú yàrá, kò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ta sí òun lára. Èéfín irun àgbò tí wọ́n ń wi gba gbogbo ilé, ẹ ò lè gbóòórùn nǹkan mìíràn. Ìkòkò tuntun ni mo fi se ọbẹ̀ mi, ṣíbí tuntun ni mo fi rò ó. Ata, irú, epo, iyọ̀, ẹ̀gúsí, olú. Ó tán. Mo fi í sílẹ̀ lórí iná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo lọ gún iyán lẹ́yìnkùlé.

Ìyá Sẹ́nàmi wá kọjá lára ìkòkò mi. Èèyàn gidi ni o, ẹ má rò ó sí ibi. Ó ṣí i wò, bẹ́ẹ̀ la máa ń ṣe nígbà náà, a ń bá ara wa wo ọbẹ̀ kó má baà jóná. Lónìí, ta ló jẹ́ ṣí ìkòkò ẹlòmíràn? Kò rí ẹran, kò rí ẹja. Ó rò pé ẹran àgbò ò tíì délẹ̀, àlejò sì ti jókòó, ojú fẹ́ tì mí lójú àwọn ará ilé ọkọ mi. Ó lọ bu edé lílọ̀ nínú ilé ẹ̀, ó dà á sí i. Lọ́wọ́ àwọn Ẹ̀gùn etí ọ̀sà, edé kì í ṣe ẹran, kì í ṣe ẹja, bí iyọ̀ ló ṣe rí. Ó rọra dé ìkòkò náà padà. Kò pè mí. Ẹni tó ń boni láṣìírí kì í pariwo.

Mo bu ọbẹ̀, mo gbé oúnjẹ fún Ìyá, mo kúnlẹ̀, mo jáde lọ bu omi mímu. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Ìyá Sẹ́nàmi ti rọra fà mí létí aṣọ. "Ìyàwó, mo ti fi edé sí i. Ojú ò ní tì ẹ́."

Mi ò mọ ibi tí mo ju ife omi sí. Nígbà tí mo máa wọlé, Ìyá ti bu òkèlè, ó ti fi kan ọbẹ̀, ó ti ń gbé e lọ sẹ́nu. Àbúrò bàbá ọkọ mi àti ìyàwó ẹ̀ jókòó níbẹ̀, ọkọ mi jókòó níbẹ̀. Bí mo bá ní kí n kígbe, yóò ti wọ ẹnu ẹ̀. Mo fò mọ́ Ìyá, mo di ọwọ́ ẹ̀ mú. Òkèlè bọ́ sórí ẹní.

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Èmi ìyàwó, mo gba oúnjẹ lẹ́nu ìyá ọkọ mi lọ́jọ́ ọdún. Bàbá yẹn bi mí bóyá orí mi pé. Ọkọ mi dìde, mo rò pé ó máa gbá mi létí. Mi ò jọ̀wọ́ ọwọ́ Ìyá.

Ìyá ní, "Kí ló wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Edé ni, Ìyá. Mi ò mọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi ni."

Ó wo epo tó wà ní ìka ẹ̀. Ó wá ní, "Ṣé ó kan ètè mi?"

Mo sún mọ́ ọn, mo wo ẹnu ẹ̀ dáadáa. Kò sí epo níbẹ̀. Mo ní kò kàn án. Ìgbà yẹn ni gbogbo ara Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àgbàlagbà, lójú gbogbo wa. Ẹ̀rù tí mo rò pé ó ń bà mí, kékeré ni. Tiẹ̀ ti wà lára ẹ̀ láti ìgbà ogun, ó ń bá a sùn, ó ń bá a jí, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

Iṣu kù. Mo sun ún, mo bu epo àti iyọ̀ sí i. Ohun tí Ìyá jẹ lọ́jọ́ Iléyá nìyẹn, tí àwọn yòókù ń jẹ àgbò. Nígbà tó jẹun tán, ó pe ọkọ mi. Ó ní, "Ràájí, ẹni tó lè di ọwọ́ mi mú lójú èèyàn nítorí rẹ, bí mo bá kú, òun ni mo fi ọ́ sílẹ̀ fún."

Mi ò sọ ẹni tó fi edé sí i, mi ò sì sọ fún Ìyá Sẹ́nàmi ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi lọ sí Kàdúná. Kò sí fóònù, ẹ kàn máa wo ojú ọ̀nà ni. Ó dé. Gbogbo ìgbà tó bá lọ, mo máa ń wo ojú ọ̀nà.

Ìyá kú nígbà tó yá. Lẹ́yìn fídáù ẹ̀, wọ́n gbé ẹran síwájú mi. Mo wò ó. Ẹni tó ń di ẹ̀jẹ́ náà mú ti lọ, ta ló kù? Mo sún àwo náà sẹ́yìn. Bàbá àgbà yín pè mí ní wèrè, ó rẹ́rìn-ín. Ó gbó, ó tọ́, orí ibùsùn ẹ̀ ló kú sí, ojú yín ló ṣe. Ẹ̀yin náà wá sọ fún mi pé, Ìyá àgbà, ó parí, ẹ jẹran. Mo sì fẹ́ jẹ ẹ́, Ọlọ́run ló mọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Sùlé, ẹ̀gbọ́n Àmínà, wọ aṣọ ológun wá kí mi pé wọ́n ń gbé òun lọ sójú ogun ní Bọ̀nú.

Àmínà, nítorí ara rẹ ni ìwọ ò ṣe jẹran, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ayé tiyín fúyẹ́. Ẹ má jẹ́ ẹ̀jẹ́ o, ẹ̀jẹ́ wúwo, mi ò gbà yín níyànjú ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ìkòkò ẹlòmíràn, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó fi nǹkan sí i. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ lọ pa àgbò yín, ẹ jẹ ẹ́, kó dùn mọ́ yín lẹ́nu. Sùlé ò tíì pè láti ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ má bu ẹran síwájú mi.