Ilẹ̀kùn Pa Osazuwa

[Ariwo ọjà, Oba Market. Fóònù ń dún.]

ỌLÁJÍDÉ: Gbéminíyì! O kú ọjà o! Ṣé dáadáa la jí? Aṣọ ń tà?

GBÉMINÍYÌ: Bọ̀dá Jídé! Ọ̀sán ti pọ́n, ẹ ń béèrè jíjí. Odindi ọdún kan, ẹ ò pè mí. Kí ló dé?

ỌLÁJÍDÉ: Kò sí o, mo ní kí n kí ẹ ni. Mo wà ní Ikpoba Hill— ṣé o gbọ́ mi?

GBÉMINÍYÌ: Mò ń gbọ́.

ỌLÁJÍDÉ: Iwájú ilé amọ̀ pupa Pa Osazuwa. Ìgbìmọ̀ tó fẹ́ fowó tún ilé àtijọ́ ṣe, kí àdúgbò lè sọjí, wà lọ́dọ̀ mi. Ilé yìí ló ṣáájú nínú plan wa—

GBÉMINÍYÌ: Plan ta?

ỌLÁJÍDÉ: Gbémi, jọ̀ọ́—

GBÉMINÍYÌ: Ọdún méjì ni mo fi ń ti ṣọ́ọ̀bù, tí mò ń yàwòrán ilé kiri nínú òjò! Ẹ ní ẹ fẹ́ bá mi tẹ̀ ẹ́. Ìwé plan náà jáde, orúkọ yín nìkan ló wà níbẹ̀!

ỌLÁJÍDÉ: Àṣìṣe onítẹ̀wé ni.

GBÉMINÍYÌ: Àṣìṣe wo ló mọ orúkọ bàbá yín kọ pé pérépéré bẹ́ẹ̀?

ỌLÁJÍDÉ: Baba ò ṣílẹ̀kùn. Ó ní ẹni tó gbé obì wá kí òun lòun mọ̀.

GBÉMINÍYÌ: Èmi ni.

ỌLÁJÍDÉ: Bí wọn ò bá wọlé lónìí, wọ́n á yọ ilé yìí kúrò nínú plan. Òrùlé sì ti ń já lé Baba lórí. Bá a sọ̀rọ̀, I beg you.

GBÉMINÍYÌ: Ẹ kọ́kọ́ sọ ẹni tó ṣiṣẹ́ náà fún wọn.

ỌLÁJÍDÉ: [jẹ́jẹ́] Gbéminíyì ni.

GBÉMINÍYÌ: Network ò dáa. Ta ni?

ỌLÁJÍDÉ: Gbéminíyì ni!

GBÉMINÍYÌ: Ohùn yín ń já. Ẹ fi English sọ ọ́, kí àwọn àlejò náà gbádùn ẹ̀.

ỌLÁJÍDÉ: [ó pariwo] She did everything! I removed her name!



GBÉMINÍYÌ: Ẹ̀hẹ́ẹ̀n. Network ti dé. Ẹ gbé fóònù fún Baba lójú fèrèsé.

PA OSAZUWA: My pikin! Na you?

GBÉMINÍYÌ: Na me, Papa. Abeg, open for dem, make dem see di roof. But dat man wey give you phone—

PA OSAZUWA: I dey look am.

GBÉMINÍYÌ: Make e stay outside.

[Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹsẹ̀ ń wọlé. Ilẹ̀kùn pa dé, gbàgà!]

PA OSAZUWA: [lójú fèrèsé] Oga, take your phone.

ỌLÁJÍDÉ: Gbémi! Wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ mi síta! Mò ń gbọ́ wọn, wọ́n ń gba nọ́ńbà rẹ lọ́wọ́ Baba! Ṣé o gbọ́ mi?

GBÉMINÍYÌ: Ketekete. Ẹ má kúrò níbẹ̀ o! Mò ń kó àwòrán tí mo fọwọ́ ara mi yà bọ̀, ojú yín ni n ó ti fi hàn wọ́n—

[Ìpè já.]