Èèpo Igi Tí Mo Fi Sẹ́yìn Mítà

Kí ọkọ̀ ojú omi yìí tó gúnlẹ̀ ní Turku, èbúté ilẹ̀ tí wọ́n ti bí mi, ohun tó ti wà nínú mi láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú gbọ́dọ̀ jáde. Taisto ni orúkọ mi. Kainuu ni wọ́n bí mi sí, níbi tí igbó ti pọ̀ ju èèyàn lọ, ṣùgbọ́n Göteborg ní Swídìn ni mo gbó sí, lẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì. Olóòótọ́ ni wọ́n mọ̀ mí sí níbẹ̀. Bí ẹ bá ka èyí tán, ẹ bá mi wò ó bóyá orúkọ náà yẹ mí.

Àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní, Oiva. Nígbà tí bàbá wa kú, ilé, màlúù àti ìyá wa bọ́ sọ́wọ́ èmi àkọ́bí. Ìyẹn ni pé èmi ni n ó dúró, òun lè máa lọ. Oiva sì ń lọ lóòótọ́. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan ní Göteborg ti gbà á síṣẹ́, ó sì ti ra ọkọ̀ àlòkù pupa kékeré kan tó ní mítà tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí kíákíá tó. Ó fẹ́ràn mítà yẹn ju ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo abẹ́rẹ́ ẹ̀ bó ṣe ń gòkè! Bí ọmọ iléèwé tó mọ ìdáhùn tó ń nawọ́ sókè!" Níwájú gbogbo ìjọ ló ti lérí pé òun kò ní í wọ Swídìn nínú bọ́ọ̀sì bí àpò ọ̀dùnkún, ọkọ̀ òun lòun máa wà débẹ̀. Èmi ń kó ìgbẹ́ màlúù, mò ń rẹ́rìn-ín, inú mi sì ń ta mí bí ata. Ìlara ni. Mi ò ní í fún un lórúkọ mìíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó fẹ́ lọ, mo ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn mítà náà. Mo tú nọ́ọ̀tì kékeré tó so wáyà rẹ̀ mọ́ irin ara ọkọ̀, mo sì ki èèpo koivu sáàárín wáyà àti irin. Koivu ni igi funfun tí èèpo rẹ̀ ń ṣí bí ìwé. Mo dá nọ́ọ̀tì náà padà, ṣùgbọ́n mi ò fún un le. Láti ìgbà náà ni abẹ́rẹ́ ti ń jó: á fò sókè, á ṣubú sí òdo, á tún fò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀, kí ẹ lè mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ mi ṣe wúwo tó. Bí abẹ́rẹ́ bá ń jó, etí là ń lò, kì í ṣe ojú. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá dúró ṣinṣin nígbà tí abẹ́rẹ́ ń ṣubú, mítà ló ń purọ́. Wáyà rẹ̀ ni kí ẹ tọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan náà tí abẹ́rẹ́ ṣubú, iná tó ń lọ sí pọ́lọ́ọ̀gì ló ń já, ẹ fura sí kọ́ìlì, ohun tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì níná. Oiva náà kì í ṣe òmùgọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ohùn ẹ̀ ò yí padà o. Àbí mítà ló ń purọ́ ni?" Mo ní kó wọnú ọkọ̀ kó tẹ iná, kí ojú rẹ̀ má kúrò lára abẹ́rẹ́. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì bò mí mọ́ ọn lójú. "Ó ti ṣubú!" ló ké. Mo fa wáyà kọ́ìlì díẹ̀, ẹ́ńjìnnì wúkọ́. "Ó tún ṣubú!" Mo tún fà á. Mo jáde wá, mo nu ọwọ́, mo ní, "Kọ́ìlì ń kú lọ. Àárín igbó ló máa kú sí lọ́wọ́ ẹ, nínú yìnyín yìí. Jẹ́ kí n ṣáájú lọ sí Göteborg. Màá ra òmíràn wá, màá sì bẹ ọ̀gá ilé iṣẹ́ yẹn kó dúró dè ẹ́." Ó dì mọ́ mi. Ó dì mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn.

Ní Sátidé, àwa méjèèjì wọ sáúnà, ilé pákó kékeré tí a ti ń fi ooru wẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá jókòó sórí pákó sáúnà kì í purọ́. Iwájú pẹpẹ ló wà. Inú sáúnà yẹn ni wọ́n bí wa sí, ibẹ̀ la ti wẹ òkú bàbá wa. Oiva da omi sórí òkúta gbígbóná, ooru bò wá. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kọ́ìlì ni lóòótọ́?" Mo ní kọ́ìlì ni. "Ẹ ó sì padà wá?" Mo ní n ó padà wá. Ó mú ewé koivu, ó ń fi na ẹ̀yìn mi jẹ́jẹ́, bí a ti í ṣe fún ẹni tí a fẹ́ràn.

Mi ò padà. Mo sọ fún ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà pé Oiva ò wá mọ́, pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá dípò. Mo wá fi kọ́ìlì tuntun ránṣẹ́ sílé: oògùn àìsàn tí kò sí! Oiva fi í sínú ọkọ̀, abẹ́rẹ́ kò yéé jó, ó bá gbé ọkọ̀ náà sínú abà. Òun ló fún wàrà màlúù, òun ló sin ìyá wa. Kò bú mi rí. Bó bá pè mí nígbà Kérésìmesì, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn màlúù ní ká kí yín."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Saimi, ọmọ ọmọ rẹ̀, pè mí. Ó ti gbé ọkọ̀ náà jáde nínú abà, ó fẹ́ máa fi lọ sí iléèwé. "Bàbá, mo ti tún gbogbo ẹ̀ ṣe, abẹ́rẹ́ yìí nìkan ló ń ya wèrè. Bàbá àgbà ní ẹ̀yin lẹ mọ àìsàn ẹ̀. Wọ́n ní kẹ́ ẹ má fi kọ́ìlì ránṣẹ́ mọ́ o." Mo ní kó gbé fóònù sún mọ́ ẹ́ńjìnnì. "Ó ti ṣubú báyìí, Bàbá! Ó ti dé òdo!" Ohùn ẹ́ńjìnnì kò yẹ̀ rárá, bí ọmọ tó yó tó ń sùn. Irọ́ ti wà lẹ́nu mi: mítà ti gbó, jù ú nù. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde ni, "Pa iná. Na ọwọ́ sẹ́yìn mítà. Nọ́ọ̀tì kékeré kan wà níbẹ̀."

Mo gbọ́ tó ń ti ọwọ́ bọ ibẹ̀. "Ó dẹ̀ lóòótọ́! Nǹkan kan tún wà lábẹ́ ẹ̀... Èèpo koivu ni! Bàbá, èyí ò lè fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn débẹ̀. Ta ló fi síbẹ̀?"

"Èmi ni," mo wí. "Bàbá àgbà ẹ dà?"

"Wọ́n dúró tì mí. Wọ́n ń gbọ́ yín."

Mo sọ ti èèpo, ti wáyà tí mo fà, ti iṣẹ́ tí mo gbà. Ti sáúnà kò ṣeé sọ. Mo gbọ́ tí Saimi fún nọ́ọ̀tì náà le, tó tẹ iná. "Kò jó mọ́," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn àbúrò mi. Kò pè mí ní Ẹ̀gbọ́n.

"Taisto. Màá dáná sí sáúnà ní Sátidé. Wá jókòó sórí pákó yẹn, kó o sọ ìyókù níbẹ̀."

Ìdí tí mo fi wà lórí omi nìyí. Saimi ń wa ọkọ̀ pupa bọ̀ wá pàdé mi ní Turku, Oiva sì ní òun ò ní í jókòó sílé, òun náà ń bọ̀ nínú ọkọ̀ náà. Ọ̀nà tí mo gbà lọ́wọ́ òun nígbà èwe, òun fẹ́ rìn ín lójú ara òun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọkọ̀ yín kò lè dé ibi tí ẹ ń lọ, kódà bó jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín, ẹ kọ́kọ́ fetí sí ẹ́ńjìnnì. Ẹ sì dárí jì mí, ẹ̀yin tí mo lè bẹ̀ láti ibí. Ti Oiva, orí pákó ni mo ti máa bẹ̀ ẹ́. N ó da omi sórí òkúta, n ó sọ ọ́ títí dé ìsàlẹ̀. Bó bá wá mú ewé koivu, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ẹ̀yìn yín síbí," mo ti délé.