Igi Máńgòrò Tí Màrdíyà Kò Gùn

[Fóònù ń dún. Tírélà sìmẹ́ńtì ń kọjá.]

RÀFÁTÙ: Hẹ́lò? Làtífù! Hẹ́lò!

LÀTÍFÙ: Àǹtí Ràfá, okun o! Ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú òòrùn, ẹ kú ìrìn, ẹ kú—

RÀFÁTÙ: Okun. Ibo lo wà?

LÀTÍFÙ: Ọsibítù náà ni. Mo jókòó ti Màrdíyà. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un láàárọ̀ yìí, tí wọ́n bá gún erin, erin á sùn di ọdún tó ń bọ̀. Kò ní jí di ìrọ̀lẹ́.

RÀFÁTÙ: Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?

LÀTÍFÙ: Ó wú ju orí mi lọ. Ó ti ń rùn díẹ̀. Dókítà ní ọ̀la ni, láàárọ̀ kùtù. Tí irin bá dé, wọ́n á fi irin tò ó. Tí irin ò bá dé— Àǹtí, ẹ jẹ́ ká má sọ ìyẹn.

RÀFÁTÙ: Sọ ọ́.

LÀTÍFÙ: Wọ́n á gé e. Láti orúnkún.

RÀFÁTÙ: Làtífù, igi wo ni Màrdíyà gùn?

LÀTÍFÙ: Kí lẹ wí?

RÀFÁTÙ: Igi! Ṣé o gbọ́ mi? Igi wo ni àbúrò mi gùn lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì tí Kàsímù ń wà já sí kòtò?

LÀTÍFÙ: [ẹ̀rín] Háà! Ta ló sọ fún yín? Nọ́ọ̀sì yẹn ni! Máńgòrò ni, Àǹtí. Mo ní igi yẹn ga débi pé ẹni tó bá wà lókè rẹ̀ á máa rí Ìlọrin, á máa rí àwọn tó ń sáṣọ ní Ìlọrin. Mo ní ọ̀bọ mẹ́ta ló lé e. Ọ̀kan wọ fìlà.

RÀFÁTÙ: Làtífù.

LÀTÍFÙ: Dókítà ń kọ ọ́ lọ! Kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín! Ó ń bi mí pé ẹ̀ka wo ló ṣẹ́—

RÀFÁTÙ: Mo ní ó tó!

LÀTÍFÙ: ...Kí ló dé?

RÀFÁTÙ: Ọ́fíìsì ìnṣọ́ránsì ni mo wà, ní Otokiti. Ìta ni mo bọ́ sí kí n tó pè ọ́, kí wọ́n má bàa gbọ́ igbe mi.

LÀTÍFÙ: Ìnṣọ́ránsì kẹ̀? Àǹtí, ẹ sáré kúrò níbẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé Bọ̀ọ̀dá Kàsímù ni? Ọkọ yín! Ṣebí ilé la ti pinnu pé a ò ní fa àna wa lọ sí tésàn. Ìyá fúnra wọn ló sọ ọ́.

RÀFÁTÙ: Mo wà níbẹ̀. Èmi náà gbà. Ta ló wá sọ fún ọ pé ìnṣọ́ránsì ni ọlọ́pàá?

LÀTÍFÙ: Ṣé wọn ò ní béèrè ẹni tó jẹ̀bi ni?

RÀFÁTÙ: Wọn ò béèrè! Ṣé o gbọ́ mi? Wọn ò béèrè! Obìnrin tó dá mi lóhùn, Títílọpẹ́ lorúkọ ẹ̀, ó là á yé mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Ó ní ìnṣọ́ránsì tí ọlọ́kọ̀ gbà fún bọ́ọ̀sì yẹn, ó kan gbogbo èrò inú ẹ̀. Awakọ̀ ló sùn o, ewúrẹ́ ló já sójú títì o, kò kàn wọ́n. Ẹni tó bá ti wà nínú ọkọ̀, tó sì fara pa, àwọn ló máa kọ̀wé sí ọsibítù pé àwọn á sanwó. Irin, iṣẹ́ abẹ, oògùn, gbogbo ẹ̀ pátá.

LÀTÍFÙ: Láìmú ẹnì kankan?

RÀFÁTÙ: Láìmú ẹnì kankan.

[Ohùn ń já.]

LÀTÍFÙ: Àǹtí? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ọlọ́run tóbi! Ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé náà kíá! Èmi ni màá gbé irin yẹn sáré, ọ̀kadà ò ní lè bá mi—

RÀFÁTÙ: Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè. Káàdì ọsibítù, kó ṣáà ti wà nínú ẹ̀ pé mọ́tò ni. Inú mi dùn, mo fa fọ́tókọ́pì ẹ̀ tí mi ò tíì kà yọ nínú báàgì. Mo rò pé ẹ sọ òótọ́ fún dókítà, ọlọ́pàá nìkan la ní ká má lọ bá. Títílọpẹ́ gbà á, ó kà á. Ó tún un kà. Ó wojú mi. Ó ní, "Mà, ọ̀bọ tó wọ fìlà?"

LÀTÍFÙ: Ó kọ fìlà yẹn?

RÀFÁTÙ: Ó kọ ọ́! Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Máníjà wọn jáde wá kó lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo dúró síbẹ̀ bí òpó iná.

LÀTÍFÙ: Àǹtí, kì í ṣe èmi nìkan o. Bọ̀ọ̀dá Kàsímù ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Wọ́n ní tí ọlọ́kọ̀ bá gbọ́, á gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá nǹkan sọ, pé èmi lẹnu mi dùn jù nínú ẹbí.

RÀFÁTÙ: Ọlọ́kọ̀ ti gbọ́.

LÀTÍFÙ: Nígbà wo?

RÀFÁTÙ: Lọ́jọ́ kejì. Ó rí bọ́ńpà tó ya. Àwọn ìnṣọ́ránsì yìí kan náà ló tún un ṣe. Bọ́ńpà tuntun, iná iwájú tuntun, ọ̀dà tuntun. Ìwé ẹ̀ wà níwájú Títílọpẹ́. Wọ́n bi awakọ̀ nínú ẹ̀ pé, ṣé ẹnikẹ́ni fara pa? Ó kọ ọ́ pé rárá. Ó fọwọ́ sí i.

LÀTÍFÙ: Bọ̀ọ̀dá Kàsímù?

RÀFÁTÙ: Mo mọ ọwọ́ ọkọ mi.

LÀTÍFÙ: Àǹtí... àná ni wọ́n gbé ọsàn wá síbí. Orí àga tí mo jókòó sí yìí ni wọ́n jókòó sí. Wọ́n ń bó ọsàn fún un.

RÀFÁTÙ: Ó mọ ọsàn í bó. Bọ́ńpà ti gba ìtọ́jú, Làtífù. Màrdíyà ló ń dúró de irin.

[Tírélà mìíràn ń kọjá.]

RÀFÁTÙ: Gbọ́! Aago mẹ́rin ni wọ́n ń tì. Tí dókítà bá kọ ọ́ báyìí pé mọ́tò ni, tó fọwọ́ sí i, tí ẹ fi fóònù yà á ránṣẹ́ sí mi, ìwé á jáde lónìí. Lọ bá a. Má pa fóònù.

LÀTÍFÙ: Dókítà Uwais á lé mi jáde.

RÀFÁTÙ: Kó kọ ọ́ tán kó tó lé ọ. Dìde!

[Ìró bàtà. Ilẹ̀kùn.]

LÀTÍFÙ: Ẹ jọ̀ọ́, sà. Lórí káàdì Màrdíyà. Kì í ṣe igi o. Mọ́tò ni.

DÓKÍTÀ UWAIS: Ah, ìwọ rèé! Àwọn ọ̀bọ ńkọ́ lónìí?

LÀTÍFÙ: Kò sọ́bọ, sà. Bọ́ọ̀sì ni. Ó fò sókè bíi bàálù, ó yí lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún—

RÀFÁTÙ: Làtífù! Sọ ọ́ bó ṣe rí!

LÀTÍFÙ: Ó yí lẹ́ẹ̀kan, sà. Kò tiẹ̀ yí. Ó já sí kòtò lọ́nà Agbaja, ìjókòó iwájú ló tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀.

DÓKÍTÀ UWAIS: Mẹ́tàdínlógún, ẹ̀ẹ̀kan, àbí kò yí? My friend, I have patients. O búra fún mi lórí igi yẹn. O ní kí ẹsẹ̀ tìẹ náà kán tó o bá ń parọ́.

LÀTÍFÙ: Ẹ kán an, sà. Ẹsẹ̀ rèé. Ẹ ṣáà kọ mọ́tò sí i.

DÓKÍTÀ UWAIS: Ìwọ wà nínú mọ́tò náà?

LÀTÍFÙ: Rárá, sà.

DÓKÍTÀ UWAIS: Nítorí náà, ẹnì kan ti rántí ìnṣọ́ránsì, kí n wá yí káàdì padà. No. Wọn á gba ìwé ẹ̀rí dókítà lọ́wọ́ mi.

LÀTÍFÙ: Àǹtí! Ẹ gbà mí!

RÀFÁTÙ: Fún wọn ní fóònù.

[Fóònù bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.]

RÀFÁTÙ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni ẹ̀gbọ́n Màrdíyà. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

DÓKÍTÀ UWAIS: Díẹ̀díẹ̀. Madam, this your brother—

RÀFÁTÙ: Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Mọ́tò ni, Dókítà. Ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Awakọ̀ ń fi ọwọ́ kan dá fóònù lóhùn. Òun fúnra ẹ̀ ló fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún mi.

DÓKÍTÀ UWAIS: Kó wá sọ ọ́ fún èmi náà.

RÀFÁTÙ: Kò ní wá. Ó ti fọwọ́ sí i níbòmíràn pé kò sẹ́ni tó fara pa. Tó bá wá, iṣẹ́ ẹ̀ bọ́ nìyẹn.

DÓKÍTÀ UWAIS: Nígbà náà, ta ni kí n kọ pé ó sọ ọ́? Mi ò lè kọ orúkọ àbúrò yín mọ́. Tí mo bá kọ tiyín, ìnṣọ́ránsì á rí i, ọlọ́kọ̀ á rí i. Kí lẹ jẹ́ sí awakọ̀ yìí?

LÀTÍFÙ: [lókèèrè] Àǹtí, ẹ rò ó dáadáa o. Àwọn ọmọ yín—

DÓKÍTÀ UWAIS: Hẹ́lò? Madam?

RÀFÁTÙ: Ṣé bírò wà lọ́wọ́ yín?

DÓKÍTÀ UWAIS: Ó wà.

RÀFÁTÙ: Ẹ fagi lé ọ̀bọ. Ẹ fagi lé máńgòrò. Ẹ kọ ọ́ pé Ràfátù, ìyàwó Kàsímù awakọ̀, ló sọ pé ọkọ òun ló wa bọ́ọ̀sì náà já sí kòtò, pé—

[Ìpè já.]